Láti Ìṣẹ́yìn dé Oríta Mẹ́fà

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo kan ilẹ̀kùn Ìyàwó. Ó ti múra tán. Oṣù kẹta ọdún la wà, ooru mú mọ́jú, síbẹ̀ ó fi ìborùn wé àyà bí ẹni tí òtútù ń mú. Ọkọ rẹ̀ ti gbé báàgì síta. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà ń lọ láàárín ìka wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n jẹ́ kí tẹ̀sùbáà yí dé ìdí kí wọ́n tó dáhùn.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o."

N kò fèsì. Mo ṣáà ní kí wọ́n fi àdúrà sìn wá. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní àlọ wa á re, àbọ̀ wa á re. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi ṣe é, omi sì lé ròrò lójú wọn. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ohun tí wọ́n sọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú òwe yẹn gan-an nìyẹn: ẹnu ẹni tó fẹ́ràn wa ló ti máa ń jáde.

Èmi àti Ìyàwó kì í ṣe orogún. Agboolé kan náà la jọ wọ̀, èmi ni mo ṣáájú wọlé, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Ìyáálé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, níbi tó ti ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọyàn ọ̀tún, kókó líle tí kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Kò dùn ún. Nítorí pé kò dùn ún, ó fi sílẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi gbé e mọ́ra kó tó wá bá mi lóru ọjọ́ kan, nítorí pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú agboolé wa pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣe mí rí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo mú un lọ sí Ìbàdàn, wọ́n bu díẹ̀ nínú kókó náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Òní ni wọ́n ní ká wá gbọ́ èsì. Òní náà ni ọjọ́ tèmi pé láti fojú kan dókítà. Ọdún keje rèé tí mo ti ń jẹ́ ìpè yẹn.

Ìṣẹ́yìn ò tíì jí tán, ṣùgbọ́n òfì ti jí. Bí a ṣe ń lọ sí gáréèjì la ń gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ àwọn àtíbàbà ìhunṣọ, tí ọ̀kọ̀ ń fò lọ tó ń fò bọ̀, tí ẹsẹ̀ ń tẹ ìtẹsẹ̀. Ìlú aṣọ òkè ni ìlú wa. Ẹtù, sányán, àlàárì, gbogbo rẹ̀ là ń hun, tí a sì ń kó lọ sọ́jà jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Ọkọ Ìyàwó ń hun, Ìyàwó ń tà. Báàgì ọwọ́ rẹ̀ wúwo ju ti ẹni tó ń lọ gbọ́ èsì àyẹ̀wò lọ, ṣùgbọ́n n kò bi í. Mo rò pé aṣọ àlòsùn ló kó sínú rẹ̀, bóyá wọ́n á ní kó dúró.

Ọkọ̀ ku èrò mẹ́ta. Èmi àti Ìyàwó wọlé sẹ́yìn, bàbá àgbẹ̀ kan tó fi àpò wé àdá rẹ̀ wọlé tẹ̀lé wa, dẹ́rẹ́bà sì gbéra. Títì Ìṣẹ́yìn sí Mọ́níyà tó kìlómítà 65. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó tún un ṣe, kòtò ló kún un, ọ̀pọ̀ awakọ̀ a máa gba Ọ̀yọ́ yí ká. Báyìí ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Oko ẹ̀gẹ́ àti igi kaṣú ń sá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, èéfín àwọn tó ń dín gàrí ti ń yọ láti àwọn abúlé ẹ̀bá ọ̀nà.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ yẹn ni èmi àti ìyá mi máa ń gbà nígbà èwe mi. Aṣọ òkè ni ìyá mi náà ń tà. Ọjọ́ kẹtàdínlógún kẹtàdínlógún ni ọjà aṣọ òkè máa ń ná ní Òjé, ní Ìbàdàn, a kì í sì í pa á jẹ. Ọjọ́ tó ṣáájú ọjà la ti máa ń lọ, a ó wọ̀ sílé oníbàárà wọn kan ládùúgbò Òjé, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọjà ti kún. Ibi tí mo ti kọ́ ìṣirò nìyẹn ṣáájú ilé ìwé. Láti Òjé, ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ le lè rìn dé Oríta Mẹ́fà, níbi tí ọsibítù ńlá tí gbogbo ayé ń pè ní UCH wà láti 1957. Ìyá mi ná ọjà Òjé fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Kò wọ ọgbà ọsibítù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní 1988, tí mo wà ní ìwé girama, mo ṣàkíyèsí pé ìyá mi kì í wẹ̀ lójú wa mọ́. Ó fi ọjá sányán gba àyà dáadáa, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ láràárọ̀ àti lálẹ́. Ẹbí ní wọ́n ta á lọ́fà ni. Wọ́n gbé e lọ síhìn-ín, wọ́n gbé e lọ sọ́hùn-ún, àgbo kún ilé. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ aládùúgbò wa wọlé wá lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun mú wọn lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á gé e, ara á sì yá. Ìyá mi wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́." Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Èmi náà wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mo sì rò pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọdún ò yí po tí wọ́n fi kú. Ìgbà tí wọ́n ń wẹ òkú wọn ni mo tó rí ohun tí ọjá sányán náà ń bò.

A ti rìn jìnnà díẹ̀ kí Ìyàwó tó sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí mi.

"Ìyáálé mi, bí wọ́n bá wá ní àwọn á gé e ńkọ́?"

"A jẹ́ pé wọ́n á gé e," ni mo wí. "Ọyàn kì í ṣe orí. Bí wọ́n bá bẹ́ orí, èèyàn ti lọ nìyẹn. Èmi ni mo jókòó tì ọ́ yìí."

Ó dákẹ́. Bàbá àgbẹ̀ wúkọ́. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kò yẹ kí n dá sí i, ṣùgbọ́n etí ò nílẹ̀kùn." Wọ́n wá sọ pé igi kòkó àwọn kan wà nínú oko àwọn tí àfòmọ́ hù lé lórí. "Àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò nílẹ̀. Oje igi ló ń mu. Bí mo bá tètè rí i, ẹ̀ka kan ni màá gé, igi á sì máa so lọ. Bí mo bá ní ẹ̀ka náà dára, tàbí pé ó ṣì ní èso lórí, tí mo fi í sílẹ̀, kò pẹ́ tí yóò fi kó àwọn ẹ̀ka yòókù. Nígbà tó bá yá, n kò ní mọ èwo ni ewé igi, èwo ni ewé àfòmọ́."

Mo ti ka ìwé lórí àìsàn yìí, mo ti gbọ́ àlàyé lẹ́nu àwọn dókítà, n kò tíì gbọ́ èyí tó ṣe kedere tó tiwọn. Bí jẹjẹrẹ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ara wa fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í hù kọjá ààlà, ó ń mu nínú ohun tó yẹ kí gbogbo ara mu, tí a bá sì jẹ́ kó pẹ́, ó ń gba ojú ẹ̀jẹ̀ àti àwọn kókó abẹ́ abíyá lọ síbòmíràn: ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, eegun, ọpọlọ. Bó bá ti débẹ̀, abẹ nìkan ò lè yanjú rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Òwe yẹn ló yẹ ká máa pa fún obìnrin tó bá rí kókó.

Bàbá tún bi mí bóyá ọkùnrin náà ń ní in. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò pọ̀, bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún tó bá ní in lè jẹ́ ọkùnrin. Mo rí i tí ọwọ́ wọn rọra wọ abẹ́ dàńṣíkí.

Ní Ìjàyè ni Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bá Ìyàwó dọ́wọ́ lé èjìká, wọ́n ní, "Ọmọ mi, igi ni ọ́." Ọkọ̀ tún gbéra.

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn Ìjàyè. Kúrunmí ló jẹ́ olórí rẹ̀, òun sì ni Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ogun òun àti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1860, nígbà tó fi máa di 1862, Ìbàdàn ti fọ́ ìlú náà. A máa ń ka orúkọ àwọn tó kú, a ń sọ bí ìlú ṣe pa run. Ṣùgbọ́n àwọn kan là á já. Wọ́n sá dé Abẹ́òkúta, Ìjàyè kan sì wà níbẹ̀ títí dòní. Ìjàyè tí a ń kọjá yìí náà tún di ìlú, gbágùúdá àti iṣu ń tà lẹ́bàá títì. N kì í rántí bi àwọn ọmọ kíláàsì mi pé: àwọn tó yè ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe sá? Ta ló fọ̀nà hàn wọ́n?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa lórí àìsàn yìí nìyẹn. Àwọn tó kú la ń rí. Òkú ní ariwo: wọ́n ń gbé posí, wọ́n ń sunkún, gbogbo àdúgbò á gbọ́ pé jẹjẹrẹ ló pa á. Ẹni tó yè á dákẹ́. Á fi fóòmù sínú kọ́mú rẹ̀, á wọ búbà, á máa lọ sọ́jà. Kò fẹ́ kí wọ́n máa wo òun ní àwòpadà, kò fẹ́ kí wọ́n má fẹ́ ọmọ òun. Nítorí náà, ìlú gbà pé àìsàn tí kì í dá ẹnikẹ́ni sí ni. Obìnrin tó bá sì ti gbà bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní ọsibítù? Ìdákẹ́jẹ́ àwa tó yè wà lára ohun tó ń pa àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, tó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọyàn, ní àìsàn náà, ó yè é, ó sì ń sọ ọ́ ní gbangba pé òun yè é. Ìgbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò ni mo tó mọ̀ pé èèyàn lè sọ ọ́, kí ilẹ̀ má sì lanu.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ tèmi fún Ìyàwó nínú ọkọ̀ yẹn, láìdín ohùn kù.

Ní 2017, mo rí i pé orí ọmú mi òsì ń wọlé sínú, awọ ara rẹ̀ sì ń ṣe bí èèpo ọsàn. Kò dun èmi náà. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, n kò ní dárúkọ wọn, wọ́n ní eéwo ni, wọ́n fún mi ní oògùn, mo lò ó tán, wọ́n tún fún mi ní òmíràn. Oṣù mẹ́ta lọ. Àwọn kan mú mi lọ sílé àdúrà, àwọn kan ní kí n wá rí aáfà. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo gba àdúrà, mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ kan, mo rántí ọjá sányán. Ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ Ìbàdàn.

Wọ́n gé ọyàn mi òsì, wọ́n sì yọ àwọn kókó abẹ́ abíyá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ìgbà mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Oògùn pupa kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ìtọ̀ pọ́n bí omi zóbò. Ẹnu mi bó, oúnjẹ ń kọ́rọ̀, èékánná mi dúdú. Irun mi ré tán, títí kan ti ìpéǹpéjú. Ní ilẹ̀ wa, obìnrin tó fárí, opó ni. Mo jáde lọ́jọ́ kan láìwé gèlè, obìnrin kan dúró, ó fọwọ́ lérí, ó bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo tún un sọ nígbà tí mo délé, lójú dígí: kò sẹ́ni tó kú.

Lẹ́yìn kímò, ìtọ́jú onítànṣán, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. N kò lè máa ti Ìṣẹ́yìn lọ lójoojúmọ́. Ilé tí ìyá mi máa ń wọ̀ sí ní Òjé ni mo wọ̀ sí. Oníbàárà wọn ti kú, ọmọ rẹ̀ ló gbà mí. Láràárọ̀, mo ń rin ọ̀nà tí ìyá mi kò rìn, láti Òjé dé Oríta Mẹ́fà. Ilẹ̀ tí mo fẹ́ fi kọ́lé ni mo tà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ sì yá mi níyòókù. Títí dòní, mo ń lo oògùn kan lálaalẹ́, nítorí pé irú jẹjẹrẹ tèmi ń jẹ lára họ́mónù obìnrin, oògùn náà sì ń dí i lẹ́nu. Ọwọ́ òsì mi kì í gbé garawa omi mọ́, n kì í jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tàbí kí wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má baà wú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò lè gòkè kọjá èjìká. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi ìka gun ògiri bí aláǹtakùn, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó lè fi í wé gèlè fúnra mi. Ọjọ́ náà dùn mọ́ mi ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ.

"Ẹ ò wá bẹ̀rù mọ́?" ni Ìyàwó bi mí.

"Mo ń bẹ̀rù. Tí ẹ̀yìn bá dùn mí, mo máa ń rò pé ó ti padà dé. Lálẹ́ àná, n kò sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ò dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́. Mo gbé e dání wá síbí."

A dé Mọ́níyà. Ibùdókọ̀ rélùwéè tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè wà níbẹ̀, àwọn èrò Èkó ń rọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. A wọ Míkírà, ó gba Ọ̀jọ́ọ̀, ó kọjá ẹnu géètì Yunifásítì, ó gba Sàngó já sí Mọ́kọ́lá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa níbẹ̀. Ìyàwó ń fi ìka ká etí ìborùn rẹ̀, ó ń tú u, ó ń tún un ká.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oríta ni wọ́n ń gbé ẹbọ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń yà. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pe ibẹ̀ ní Oríta Mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé orúkọ náà mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn obìnrin ti jókòó lọ bẹẹrẹ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ á mọ ẹni tuntun. Ẹni tuntun kì í yọ ìborùn. Àwa àtijọ́ a máa kí ara wa bí àwọn tó jọ ṣe ilé ìwé, a ń béèrè ọmọ, a ń wo ọwọ́ ara wa bóyá ó wú. Ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ fi ọyàn aláṣọ tuntun tó rán hàn mí. Èmi náà sọ bí mo ṣe ń rán tèmi: òwú lẹ́yìn, ọkà bàbà díẹ̀ láàárín kó lè ní ìwọ̀n, kí èjìká má dagun, àjákù àlàárì ni mo sì fi bò ó. Wọ́n ní n kì í ṣe ọmọ Ìṣẹ́yìn lásán. A rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ń wò wá bí ẹni tí kò retí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé gbogbo àwọn wọ̀nyí ni. Mo ní kì í ṣe gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ kókó inú ọyàn kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá, àyẹ̀wò ló ń sọ èyí tó jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwa tó ní in náà pọ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní 2022 nìkan, èèyàn mílíọ̀nù 2.3 ni wọ́n bá a lára wọn káàkiri ayé, ó sì pa 670,000. Lọ́dọ̀ wa, púpọ̀ ni kì í dé ọsibítù àfi ìgbà tí kókó bá ti di egbò. Mo kọ́ ọ ní ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi àgbà: lóṣooṣù, lẹ́yìn nǹkan oṣù, kí wọ́n wo ọyàn wọn lójú dígí, kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò yí ká títí dé abíyá. Kókó tuntun, awọ tó ń sún jọ, orí ọmú tó ń wọlé tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tó láti lọ rí dókítà. Kí wọ́n má dúró de ìrora.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn kan náà ni dókítà kan ti bi mí ní 2017 pé, "Ta ló tún ní in nínú ẹbí yín?" Ẹnu mi wúwo. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la fi sọ pé wọ́n ta ìyá mi lọ́fà. Lọ́jọ́ náà, mo fún ikú wọn ní orúkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olopade, tó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980 kó tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, wà lára àwọn tó tọpa ọ̀rọ̀ yìí. Nínú iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn wò. Bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló jogún àbùkù jíìnì tó ń fa á. Kì í ṣe ọfà. Kì í ṣe ayé. Àwọn méje yòókù kò jogún rẹ̀, ó kàn hù lára wọn ni. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń mú ọmọ mi obìnrin lọ fún àyẹ̀wò. Bí mo bá ní ogún tí mo lè fi lé e lọ́wọ́, ó yẹ kí ìmọ̀ yẹn wà lára rẹ̀.

Wọ́n pe Ìyàwó. A jọ wọlé. Dókítà àgbà náà jẹ́ obìnrin, ó ní kó jókòó, ó sì bá a sọ̀rọ̀ ní Yorùbá pọ́ńbélé. Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní ó ṣì kéré, ojú kan ló sì wà, kò tíì dé abẹ́ abíyá gẹ́gẹ́ bí sikáànù ṣe fi hàn. Ìyàwó bi í bóyá òun máa kú. Dókítà ò sáré dáhùn. Ó ní òun kì í ṣe Ọlọ́run, òun kò sì lè búra fún un, ṣùgbọ́n àwọn tó bá tètè wá bíi tirẹ̀, púpọ̀ wọn ló ń yè, wọ́n sì ń tọ́mọ. Ó gbé ìwé àfọwọ́sí iṣẹ́ abẹ síwájú rẹ̀. Ìyàwó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀.

A jáde. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìtọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ kí n rí i."

Láàárín ọdún méje, dókítà, nọ́ọ̀sì àti ọkọ mi nìkan ló ti rí i. Mo ṣí búbà, mo yọ ọyàn aláṣọ náà, mo fi í sí i lọ́wọ́. Ó wo àyà mi. Ó fi ìka kan tọ ojú àpá náà láti àárín àyà dé abíyá. Ẹni tó bá mọ aṣọ òkè mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, wọ́n á wá rán an pọ̀. Àpá mi rí bí ojú ibi tí tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ti pàdé.

"Ó tẹ́," ni ó wí. "Mo rò pé ihò ló wà níbẹ̀."

Mo rí i pé ohun tó ń bà á lẹ́rù láti òwúrọ̀ nìyẹn, ihò. Kò sẹ́ni tó fi hàn án rí pé awọ lásán ni. Ó tún bi mí, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n: "Kí lẹ wá fi ń ṣúre fún ọmọ?"

Ìbéèrè ńlá ni. Abiyamọ tó bá fẹ́ ṣúre tó dé ìdí, ọmú ló ń dì mú. Mo sọ fún un pé ní 2022, tí ọmọkùnrin mi ń lọ kàwé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi lóru. Mo fi ọwọ́ sí ọyàn ọ̀tún, èyí tó kù. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lọ sí òsì, sórí àpá. Ó ní, "Màmá, ẹ̀gbẹ́ ibí ni mo mu jù, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ibí ni kẹ́ ẹ fi ṣúre fún mi." Mo ṣúre. Ó dé láyọ̀, ó ń ṣe dáadáa.

Ìyàwó sunkún níbẹ̀, mo jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, ó bọ́jú, ó dá ọyàn aláṣọ mi padà, ó bá mi tọ́ búbà mi. A padà sí yàrá dókítà. Ó fọwọ́ síwèé. Wọ́n dá ọjọ́ fún un, ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Tèmi náà lọ dáadáa: wọ́n yẹ̀ mí wò, wọn ò rí nǹkan, wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Lẹ́nu géètì, ó bi mí pé kí la máa sọ fún ìyá ọkọ òun nílé. Mo ní a ó kúnlẹ̀ kí wọn, a ó sì sọ ọ̀rọ̀ àfòmọ́ fún wọn. Oko kòkó ni wọ́n ti dàgbà, wọ́n á gbọ́ ọ. Òwe wọn ò purọ́, ibi tí a fi í sí ni kì í ṣe àyè rẹ̀. Bí wọ́n bá sì sunkún, a ó jẹ́ kí wọ́n sun ún. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ni màá ní kí wọ́n bá wa tọ́jú àwọn ọmọ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ.

Mo ti ń nawọ́ sí Míkírà tí yóò gbé wa padà sí Mọ́níyà nígbà tí ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ìyáálé mi, òní ni Òjé."

Mo ti gbàgbé. Ó gbé báàgì wúwo rẹ̀, mo ní kó fi ọwọ́ òsì gbé e kó lè mọ́ ọn lára, a sì fẹsẹ̀ rìn ín gba Yemẹ́tù. Ọjà ti ń tú lọ nígbà tí a débẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà lórí ìjókòó. Ó tú báàgì: ẹtù mẹ́ta, àlàárì méjì, iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Oníbàárà rẹ̀ kan gbé àlàárì sókè sí oòrùn, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Ó ní òun fẹ́ ogójì irú rẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ òun ní oṣù kejìlá. Ṣé ó máa lè pé?

Mo wo Ìyàwó. Mo mọ ohun tó wà láàárín oṣù kẹta àti oṣù kejìlá. Òun náà mọ̀ ọ́n. Ó fi ìka ka oṣù, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Á pé," ni ó wí. "Ẹ san ìdajì sílẹ̀."

Ìyá náà ní ìdajì kẹ̀, ìdámẹ́rin lòun á san. Ìyàwó tú ìborùn kúrò láyà, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tẹ́ ẹ sórí òkúta, ó jókòó lé e. Ìnájà bẹ̀rẹ̀.